Ọjà Wọ́n: Ta Ni Ó Mú Un Wọ́n?

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, wọ́n, ni a ń lò fún ohun méjì. Bí nǹkan kò bá pọ̀ nílẹ̀, a ó ní ó wọ́n. Bí iye tí a ń tà á bá ga ju agbára ẹni tí ó fẹ́ rà á lọ, a ó tún ní ó wọ́n. Omi a máa wọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣọ òfì a máa wọ́n lọ́wọ́ ahunṣọ tí ó mọ iṣẹ́. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kan náà gba ìtumọ̀ méjèèjì, nítorí pé lójú ọjà, àìpọ̀ ni ó sábà máa ń bí owó gọbọi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ohun pàtàkì kan wà tí gbólóhùn náà kì í sọ. Bí ọlọ́jà bá ní, “Ọjà wọ́n,” kò sí ẹni tí ó lè ti inú gbólóhùn yẹn mọ ẹni tí ó mú un wọ́n. Kò sí olùṣe níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọjà fúnra rẹ̀ ni ó dìde lóru, tí ó gun òkè àjà lọ. Inú àlàfo yìí ni ọ̀pọ̀ ìrẹ́jẹ ń fara pamọ́ sí, ó sì yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní èdè àti ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìwà jọ tan iná wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní Tánkè, ní ìlú Ìlọrin, ojú àwọn ènìyàn rí i ní oṣù Èrèlé àti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023. Tánkè jẹ́ àdúgbò tí ilé-ẹ̀kọ́ sọ di ńlá. A dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ibùdó rẹ̀ tòótọ́ ní 1982, ọ̀nà Tánkè ni èrò ń gbà lọ, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń gbà bọ̀. Ilé tí a kọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè háyà rẹ̀ wá pọ̀ ní Òkè-Odò àti ní agbègbè Gáréèjì Típà, ìsọ̀ onírúurú sì tẹ̀lé ilé. Owó kékeré kékeré ni irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ fi ń mí: owó kórópe, owó ẹ̀wà àti dòdò, owó omi inú ọ̀rá, owó ẹ̀dà ìwé tí olùkọ́ ní kí a lọ ṣe. Bí owó kékeré bá ti dáwọ́ dúró, gbogbo àdúgbò dáwọ́ dúró.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà 2022, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé a óò pààrọ̀ bébà owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Ọ̀pẹ. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ti àtijọ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé. Ti àtijọ́ wọ báńkì lọ, tuntun kò jáde tó. Ẹ̀rọ ATM ń wo èrò, èrò ń wo ẹ̀rọ. Ìfowóránṣẹ́ orí fóònù tí à bá fi sá àsálà kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ni owó bá di ọjà. Láyé, a ń fi owó ra iṣu, a ń fi owó ra aṣọ. Ní oṣù Èrèlé yẹn a bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ra owó.

Ní ìgbà tí ara tu ìlú, ẹni tí ó fẹ́ gba ₦5,000 lọ́wọ́ oní-POS a san nǹkan bí ₦100 fún iṣẹ́ rẹ̀. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà, ẹni tí ó fẹ́ gba ₦1,000 kan ṣoṣo a san ₦200, a sì máa tó ₦300 níbòmíràn. Ẹ fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Odò tí àwọn òbí rẹ̀ fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí láti Ọ̀ffà. Owó náà wà nínú fóònù rẹ̀. Ó ń rí i, kò lè jẹ ẹ́. Ó tọ arábìnrin tí ó jókòó sábẹ́ agbòòrùn létí títì lọ.

“Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo fẹ́ gbà.”

“Ẹgbẹ̀ta náírà ni owó rẹ̀.”

“Háà! Àǹtí, ẹgbẹ̀ta lórí ẹgbẹ̀rún méjì? Ẹ ṣàánú mi, ẹ gba igba.”

“Àbúrò, èmi náà kò rí i he nílẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, yẹra díẹ̀, ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ ń dúró.”

Ó san án. Gbólóhùn tí arábìnrin náà fi parí ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí ju iye tí ó dá lọ.

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà mọ iye tí ó tọ́ kì í ṣe ìwé. Ìnájà ni. Ọlọ́jà a dá iye lé ọjà. Oníbàárà a bù ú sí ìdajì. Ọlọ́jà a búra pé òun kò rà á bẹ́ẹ̀. Oníbàárà a kọ ẹ̀yìn, a gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń lọ. Nígbà náà ni ohùn yóò jáde: “Ẹ padà wá, ẹ mú owó wá!” Bí wọ́n bá ti fẹnu kò tán, ọlọ́jà tún lè fi èènì lé e. Àlejò tí kò mọ àṣà lè rò pé irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa fún ara wọn. Kì í ṣe irọ́. Ẹ̀yìn tí oníbàárà kọ yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí ó bá lè lọ, tí ó sì tinú ara rẹ̀ padà wá, iye tí wọ́n fẹnu kò sí jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Òdodo ọjà wà ní ẹsẹ̀ oníbàárà. Kò sí nínú iye kan tí a kọ sára páálí.

Ohun tí a ń pè ní kòṣeémánìí ni ohun tí ń de ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní: ohun tí kò ṣeé má ní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí iye bàtà tuntun kò bá tẹ́ lọ́rùn lè wọ ti àtijọ́ relé. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru, tí ilé apòògùn kan ṣoṣo ṣí sílẹ̀, kò ní ibi tí yóò kọ ẹ̀yìn sí. Bí a bá gba owó tí ó wù wá lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí a sì ní, “Òun náà ṣáà gbà,” àgàbàgebè ni. Oníbodè ayé àtijọ́ tí ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò kò díbọ́n pé òun ń nájà. Ó mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà, àti pé òun ni òun dúró sí ẹnu rẹ̀. Ìlọrin mọ oníbodè dáadáa, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Haúsá àti láti ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tí ó gbé owó gẹ̀gẹ̀ lé kòṣeémánìí nígbà ọ̀wọ́n ti kúrò ní ọlọ́jà, ó ti di oníbodè, àfi pé oníbodè a máa jíhìn fún ọba.

Kò tọ́, síbẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ọlọ́jà kò ní ẹnu. Àwíjàre rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó ní owó tí òun bá rí lórí ti òní ni òun yóò fi ra ti ọ̀la; bí ti ọ̀la bá sì ti gbówó lórí, bí òun bá ta ti òní ní iye àná, ìsọ̀ òun yóò ṣófo. Òótọ́ wà nínú èyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbì 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, epo tí ó wà nínú àgbá abẹ́ ilẹ̀ àwọn ilé-epo jẹ́ èyí tí a rà nígbà tí iye ìjọba fún lítà kan kò tíì tó ₦200. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ti ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn mìíràn ti gbé iye sókè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ilé-epo NNPC fúnra wọn ń ta lítà kan láàárín ₦488 sí ₦557, bí ibi kọ̀ọ̀kan bá ti jìnnà sí. Nínú àwọn tí ó wà ní ìdí epo lọ́jọ́ náà, ìyàtọ̀ wà tí kò yẹ kí a fi ojú fò. Ẹni tí ó gbé iye sókè kí ó lè rí owó ra òmíràn ń tọ́jú òwò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ lè le jù. Ẹni tí ó ní epo nílẹ̀ tí ó ti ẹnu ọ̀nà, kí àìsí lè pọ̀ sí i kí ó tó ṣí i, kì í ṣe epo ni ó ń tà mọ́. Àìsí ni ó ń tà.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní àwíjàre mìíràn tí wọ́n ń bá ọlọ́jà wí. Wọ́n ní owó gọbọi ni ó ń pe ọjà wá. Bí ìrẹsì bá wọ́n ní Ìlọrin, èrè tí ó wà níbẹ̀ ni yóò mú kí ọlọ́kọ̀ gbéra láti Pàtígì, tí ìrẹsì yóò fi dé, tí iye rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Bí a bá fi òfin dá iye mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbéra. Ẹ jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn nípa ìrẹsì. Ṣùgbọ́n bébà owó kì í ṣe ìrẹsì. Kò sí ẹni tí ó lè gbìn ín ní Pàtígì. Ìjọba nìkan ni ó lè ní kí a tẹ̀ ẹ́. Ìbáà jẹ́ ₦200 ni wọ́n gbà lórí ₦1,000 ní Tánkè, ìbáà jẹ́ ₦500, kò lè mú bébà kan ṣoṣo kún èyí tí ó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tí owó gọbọi ń ṣe nínú ọjà ìrẹsì, kò rí i ṣe níbí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú kí ẹni tí bébà owó bá bọ́ sí lọ́wọ́ má ṣe mú un lọ sí báńkì mọ́, nítorí pé èrè wà lórí rẹ̀ níta. Báyìí ni iye tí ọ̀wọ́n bí ṣe padà di wàrà tí ọ̀wọ́n ń mu dàgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé abẹ́ agbòòrùn létí títì ni ohun gbogbo ti bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin yẹn ní òun kò rí i he nílẹ̀, òótọ́ ni ó sì lè jẹ́. Ọ̀pọ̀ oní-POS ni ó ra owó lọ́wọ́ ilé-epo, lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá, àti lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní ojúlùmọ̀ lẹ́yìn gíláàsì báńkì. Ní oṣù Èrèlé yẹn kan náà ni àjọ ICPC kéde pé àwọn mú àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan nítorí owó tuntun tí wọn kò jẹ́ kí ó dé ọwọ́ aráàlú. Òkè ni omi náà ti ń ṣàn bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí aráàlú ń bú ni ẹni tí wọ́n ń rí.

Àìsàn àtijọ́ nìyí ní Nàìjíríà. Láti 1981 ni owó tí orílẹ̀-èdè ń rí lórí epo rọ̀bì ti ń já wálẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Igbe 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fi òfin fún ọjà òkèèrè lọ́rùn. Ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ ni ó lè kó ọjà wọlé. Kò pẹ́ tí ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ fi di ọjà: ẹni tí kò ní ìsọ̀, tí kò mọ bí a ti ń wọn ìrẹsì, a gba ìwé, a tà á fún oníṣòwò, oníṣòwò a sì gbé owó ìwé lé orí ìrẹsì. Ìrẹsì, ṣúgà, mílíìkì, òróró àti ọṣẹ di ohun tí a ń fi ojúlùmọ̀ rà. Òfin ìdíyelé sì wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Òfin ti 1977 to ohun tí iye wọn kò gbọdọ̀ kọjá èyí tí ìjọba dá: ìyẹ̀fun, iyọ̀, ṣúgà, mílíìkì, ìṣáná, epo, kẹ̀kẹ́, alùpùpù, ọkọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara wọn. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Gàrí kò sí.

Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 1983. Igbákejì olórí ìjọba náà, Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin ni, ohùn rẹ̀ ni ìlú sì gbọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Ẹrẹ́nà 1984 nígbà tí a gbé ogun WAI ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣọ́jà wọ ọjà. Wọ́n já àgádágodo, wọ́n ní kí a ta ọjà ní iye ìjọba lójú ẹsẹ̀, aráàlú tò sí ìlà, inú wọn sì dùn. Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹni tí kò rí ṣúgà fi mu ògì fún oṣù mẹ́ta jà pé kí ó má yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí nínú ìsọ̀ kan ni ó tán ní ọjọ́ kan, ẹni tí ó ni ìsọ̀ kò sì ní ìdí láti kó òmíràn wá, nígbà tí ìwé àṣẹ àti owó òkèèrè ṣì wà ní ọwọ́ ìjọba, tí kò sì tó. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn yóò sì ṣàkíyèsí pé ìjọba kan náà, lábẹ́ Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, pààrọ̀ owó ní oṣù Igbe 1984, àti pé ọwọ́ ẹni kan náà ni àṣẹ tún wà nígbà ti 2022.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ghana kò mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò mọ ọjà Ghana bí ẹní mọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wọn ti ń ṣòwò títí ìjọba Kofi Busia fi lé wọn ní oṣù Bélú 1969. Ẹ̀sùn tí a fi kan àjèjì nígbà náà ni pé wọ́n gba òwò mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Àjèjì lọ. Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé tí ọ̀wọ́n tún fi gba Ghana kan, tí wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tuntun fún un, kalabule, èyí tí ó kó ìfiọjàpamọ́ àti gbígbówó lérí pọ̀. Ìjọba ni ó ń dá iye owó sídì, ìjọba ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́jàwọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà ni a rí bú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ògún 1979, àwọn ọmọ-ogun lábẹ́ ìjọba Jerry Rawlings wó ọjà Makola Kìíní ní Accra lulẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ta aṣọ, mílíìkì àti oríṣiríṣi nǹkan láti ìgbà ìjọba òyìnbó. Wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ibùdókọ̀, wọ́n sì ń pè é ní Rawlings Park. Ọ̀wọ́n kò bá ọjà náà wó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e àti èyí tí ó tẹ̀ lé ìyẹn, ó ń le sí i ni.

Àwọn obìnrin Èkó ti rí irú èyí ṣáájú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láàárín 1941 sí 1945, ìjọba òyìnbó dá iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn ní Èkó, wọ́n sì fi òyìnbó kan, Pullen, ṣe alábòójútó rẹ̀. Iye tí wọ́n dá kò wo owó ọkọ̀, kò wo ohun tí alágbàtà san ní oko. Gàrí sá kúrò lójú ọjà. Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ìyá ọlọ́jà Èrékò, kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n sì kọ̀ ọ́ títí a fi gbé ètò náà jù sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Àwọn kan a máa tọ́ka sí ìtàn yìí pé ọlọ́jà ni ó jàre nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹlẹ́wùrà kò jà pé kí a fi gàrí pamọ́. Ó jà pé kí ẹni tí kò mọ ọ̀nà oko má ṣe dá iye lé ohun tí ó ti oko wá.

Ní ìlú bí Ìlọrin, kò sí bí a ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tí a kò ní í yà sí ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláámù le lórí ẹni tí ó kó oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n: ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Síbẹ̀, nínú hádíìsì, nígbà tí iye ọjà ga ní Mẹ̀dínà, tí wọ́n sì ní kí Ànábì dá iye lé e, ó kọ̀, ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ni ìyẹn wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ méjèèjì lè rò pé wọ́n takora. Ibn Taymiyya, tí ó kú ní 1328, ti dá irú rẹ̀ lóhùn. Bí òjò kò bá rọ̀, tàbí tí ènìyàn pọ̀ ju oúnjẹ lọ, tí iye sì ga, kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi, a kò sì gbọdọ̀ fi ipá gba ọjà ọlọ́jà. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà wà, tí ẹni tí ó ni ín kọ̀ láti tà á fún ẹni tí kò lè ṣe aláìní in àfi ní iye tí ó kọjá ààlà, aláṣẹ lè mú un kí ó tà á ní iye tí irú rẹ̀ ń lọ. Ìbéèrè kan náà ni: ta ni ó mú un wọ́n?

Ìwé Òwe nínú Bíbélì náà fi ègún aráàlú sórí ẹni tí ó mú ọkà dání. Ìtàn Yúsúfù, tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń pè ní Jósẹ́fù, sì wà nínú ìwé méjèèjì. Ó kó oúnjẹ pamọ́ fún ọdún méje, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀kánjúà, nítorí pé nígbà tí ebi dé ó ṣí ilẹ̀kùn àká. Apá kan wà nínú ti Bíbélì tí àwọn olùkọ́ kì í sábà kà fún ọmọ: nígbà tí owó tán lọ́wọ́ àwọn ará Íjíbítì, ẹran ọ̀sìn wọn ni wọ́n fi ra ọkà, lẹ́yìn náà ilẹ̀ wọn, títí ilẹ̀ fi di ti Fáráò. Àká ìjọba pàápàá lè di ẹnubodè.

Ìlọrin rí àká tí a kò ṣí bọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà 2020, èrò já ilé ìkẹ́rùsí tí ó wà ní pápákọ̀ òfurufú ìlú náà, níbi tí oúnjẹ ìrànwọ́ àrùn kòrónà wà, wọ́n sì kó o lọ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Àlàyé tí àwọn tí ó kó oúnjẹ náà jọ ṣe ni pé pínpín rẹ̀ kò tíì parí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ti ń pa láti oṣù Igbe kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ tí a fi pamọ́ àti oúnjẹ tí a kò tíì pín, ìwà ìfọ́lé kò sì di rere nítorí ìyẹn.

Òfin tuntun ti wà báyìí. Àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀, ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ní ìparí oṣù Ògún 2024 olórí rẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà ní oṣù kan kí wọ́n jáwọ́ nínú gbígbé iye gẹ̀gẹ̀. Oṣù náà kọjá. Ó rọrùn láti wí fún ọlọ́jà tí ó ní ìsọ̀. Ẹni tí ó ń fi ìwé kíkọ àti àṣẹ dá ọ̀wọ́n sílẹ̀ kì í ní ìsọ̀ tí a lè tì.

Ní ti Tánkè, ọ̀wọ́n ọdún 2023 ní òpin tí ó fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara kọ́kọ́ pe ìjọba àpapọ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà. Ní ọjọ́ 13 Báńkì Àpapọ̀ sọ fún àwọn báńkì kí wọ́n tẹ̀ lé e. Bébà àtijọ́ tí a ti kó wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà láti ibi tí ó ti wà. Iye tí àwọn oní-POS ń gbà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdájọ́ náà kò mẹ́nu kan ẹgbẹ̀ta náírà tí ẹnikẹ́ni ti san.